Bí Ẹ Bá Fẹ́ Lọ Kí Ọmọ Tí Ẹ Ń Rán Níwèé ní Bàrígà

 

Oṣù Kejìlá ń bọ̀ lọ́nà. Láti Peckham títí dé Houston, àwọn ọmọ wa lókè òkun ti ń wá tíkẹ́ẹ̀tì bàálù kiri. Àwọn kan ń bọ̀ wá ṣe ìgbéyàwó, àwọn kan ń bọ̀ wá sìnkú òbí, àwọn kan sì fẹ́ wá fi ara nísinmi. Àwọn kan wà láàárín wọn tí ìrìn tiwọn yàtọ̀. Wọ́n ti ń fi owó iléèwé ránṣẹ́ fún ọmọ tí wọn kò bí, tí wọn kò sì fojú rí rí. Fọ́tò rẹ̀ lórí fóònù nìkan ni wọ́n mọ̀. Lọ́dún yìí, wọ́n ní àwọn yóò dé Ṣómólú ní Èkó, àwọn yóò dé Bàrígà, àwọn yóò rí ọmọ náà lójúkojú. Àwọn ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ lálẹ́ òní, àwọn àti ìyá àti bàbá tí yóò gbà wọ́n lálejò.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju ẹyọ kan lọ. Ọmọ tí ẹ ń rán níwèé kò jẹ yín ní gbèsè, ọjọ́ tí ẹ bá sì lọ kí i kì í ṣe ọjọ́ ìsangbèsè.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ padà sẹ́yìn, torí ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ láàárín wa, ìtàn rẹ̀ sì gba Bàrígà kọjá. Ẹni tó bá mọ Bàrígà mọ CMS Grammar School. Ọdún 1959 ni iléèwé náà kó wá síbẹ̀, nígbà tó pé ọgọ́rùn-ún ọdún. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹfà ọdún 1859 ni Thomas Babington Macaulay, bàbá Herbert Macaulay, ṣí i ní Broad Street ní Erékùṣù Èkó. Ọmọ mẹ́fà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, nínú ilé kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Cotton House. Àádọ́ta pọ́n-ùn tí wọ́n fi ra ìwé àti ohun èlò, ọwọ́ oníṣòwò kan tó ń jẹ́ James Pinson Labulo Davies ló ti wá. Wọ́n máa ń dárúkọ ọkùnrin yìí dáadáa nínú ìtàn iléèwé náà. Ìyàwó tó wá fẹ́ lẹ́yìn ọdún mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ mi dá lé, nítorí obìnrin náà gan-an ni ọmọ tí ẹlòmíràn rán níwèé.

Àìná ni wọ́n ń pè é. Ọmọ Yewa ni, ará Òkè-Ọ̀dàn. Ní 1848, ọmọ ogun Dahomey ya wọ ìlú wọn, wọ́n pa òbí rẹ̀, wọ́n sì kó òun lẹ́rú. Ọmọ nǹkan bí ọdún márùn-ún ni nígbà náà. Ní 1850, ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Frederick Forbes, wá sọ́dọ̀ Ọba Gẹ̀zò ti Dahomey láti bẹ̀ ẹ́ kó fi òwò ẹrú sílẹ̀. Gẹ̀zò kò fi òwò ẹrú sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó fi ọmọbìnrin náà ta Ọbabìnrin Victoria lọ́rẹ. Forbes mú un wọ ọkọ̀, ó fi orúkọ ara rẹ̀ sọ ọ́, ó tún fi orúkọ ọkọ̀ náà kún un: Sarah Forbes Bonetta. Ọmọ Yewa wá di ẹni tó ń jẹ́ orúkọ ọkọ̀ ojú omi.

Ní ọjọ́ 9 oṣù Kọkànlá ọdún náà, wọ́n mú un dé ààfin Windsor. Ọbabìnrin rí i, ọmọ náà wù ú, ó sì gbà láti máa san owó ìtọ́jú àti ẹ̀kọ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà lọ, wọ́n ń mú un wá kí i ní ààfin, ó sì di ọ̀rẹ́ Alice, ọmọ Ọbabìnrin. Ẹ kíyè sí i pé nígbà náà, ọmọ ló ń rìnrìn àjò lọ bá ẹni tó ń sanwó. Lóde òní, olówó ló ń wọ bàálù wá bá ọmọ. Bí ẹni tó ń rìn tiẹ̀ ti yí padà, ọwọ́ ta ni agbára wà? Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà.

Ní 1851, wọ́n ní òtútù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò bá a lára mu, wọ́n rán an lọ sí iléèwé àwọn obìnrin ti ẹgbẹ́ ajíhìnrere CMS ní Freetown. Ní 1855, wọ́n ní kó máa padà bọ̀. Wọ́n fi í sọ́dọ̀ ìdílé àlùfáà Schön ní Kent, Schön kan náà tó bá Àjàyí Crowther wọkọ̀ lọ sí Odò Ọya ní 1841. Ibẹ̀ ti mọ́ ọn lára, ó ti ń pe ìyàwó Schön ní ìyá rẹ̀, kí Davies tó wá tọrọ rẹ̀. Opó ọkùnrin ni Davies, ó lówó, ó sì lórúkọ láwùjọ. Sarah kò fẹ́ ẹ. Ó kọ lẹ́tà sí ìyá rẹ̀ yìí pé òun kò nífẹ̀ẹ́ ọkùnrin náà, àti pé owó rẹ̀ kò lè mú kí òun fẹ́ ẹ. Wọ́n ti mú un kúrò ní ilé Schön, wọ́n ti fi í sọ́dọ̀ àgbàlagbà obìnrin kan ní Brighton, ibi tí kò bá a lára mu rárá. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹjọ 1862, wọ́n so òun àti Davies pọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì St Nicholas ní Brighton, pẹ̀lú ayẹyẹ ńlá.

N kò sọ pé Ọbabìnrin kò fẹ́ràn rẹ̀. Ó fẹ́ràn rẹ̀, gbogbo àkọsílẹ̀ ló fi hàn bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń ká mi lára ni pé ọmọ tí ẹlòmíràn ń bọ́, tó ń wọ̀ láṣọ, tó ń rán níwèé, kì í rọrùn fún un láti sọ pé, "Ẹ ṣeun mà, n kò fẹ́." Ọwọ́ tó ń fúnni kò ní láti le kó tó wúwo. Àwọn tó ń fi owó ránṣẹ́ sí Bàrígà lónìí kì í ṣe ọba. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n, awakọ̀ ni wọ́n, òṣìṣẹ́ ilé ìtọ́jú arúgbó ni wọ́n, tí wọ́n ń yọ owó náà kúrò nínú owó oúnjẹ wọn. Síbẹ̀, lójú ọmọ ọdún mẹ́wàá ní àdúgbò Jagunmólú, kí ni ìyàtọ̀ láàárín Àǹtí London àti ọbabìnrin? Ohun tí àǹtí bá fẹ́ ni gbogbo ilé yóò fẹ́.

Ṣáájú Sarah pàápàá, CMS ti ní ètò kan ní Sierra Leone fún àwọn ọmọ tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò ẹrú. Ẹnikẹ́ni nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó bá ń san pọ́n-ùn márùn-ún lọ́dún fún ọmọ kan láǹfààní láti sọ ọmọ náà ní orúkọ tó bá wù ú. Báyìí ni ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ṣe di ẹni tó ń jẹ́ orúkọ èèyàn tí wọn kò mọ̀ rí. Àjàyí ọmọ Òṣogùn náà, lọ́jọ́ tí wọ́n ṣèrìbọmi fún un ní oṣù Kejìlá 1825, orúkọ àlùfáà kan ní Newgate ní London ni wọ́n fún un, Samuel Crowther. Ọmọ rẹ̀, Abigail, ni Macaulay tó dá iléèwé sílẹ̀ fẹ́. Ẹ rí i bí gbogbo wọn ṣe so kọ́ra. Nílẹ̀ wa, ìdílé ló ń sọ ọmọ lórúkọ ní ọjọ́ kẹjọ, bàbá àgbà àti ìyá àgbà yóò sì fi owó lé e. Ẹni tó bá wá fi pọ́n-ùn márùn-ún gba ipò wọn ti gba nǹkan tí owó kì í rà.

Ẹnikẹ́ni kò ní sọ ọmọ Bàrígà lórúkọ tuntun lónìí. Ṣùgbọ́n mo ti gbọ́ tí àlejò ń sọ níwájú ìyá ọmọ pé, "Ọmọ mi nìyí o, èmi ni mo ni ín." Ẹ̀rín ni ìyá náà rín. Ẹ̀yin tí ẹ bí ọmọ ẹ mọ irú ẹ̀rín tí mò ń sọ.

Ní ti bó ṣe yẹ kí àbẹ̀wò rí, ẹgbẹ́ ńlá tó ń so olùrànlọ́wọ́ pọ̀ mọ́ ọmọ ti pẹ́ láyé. Plan International bẹ̀rẹ̀ ní 1937 nígbà ogun abẹ́lé ilẹ̀ Sípéènì, World Vision sì bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ òrukàn ilẹ̀ Kòríà ní 1953. Irú àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí ní òfin fún àbẹ̀wò. Olùrànlọ́wọ́ kò ní dédé yọ, yóò sọ tẹ́lẹ̀, wọn yóò wádìí ìwà rẹ̀ wò, òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ yóò wà níbẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò sì sí pé kó mú ọmọ lọ síbì kan ní òun nìkan. Àwọn kan máa ń bínú sí òfin wọ̀nyí. Èmi fara mọ́ ọn pátápátá.

Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìrànlọ́wọ́ tó ń wọ Ṣómólú àti Bàrígà kò gba ọwọ́ ẹgbẹ́ ńlá kankan. Ọwọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ló ń gbà, ọwọ́ mọ́sálásí, ọwọ́ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde, ọwọ́ olùkọ́ kan tí àánú ọmọ ṣe. Nígbà mìíràn, àǹtí kan rí ọ̀rọ̀ ọmọ lórí fóònù, ó bèèrè nọ́ńbà àkáǹtì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó. Oore gidi ni. Àmọ́ kò sí òṣìṣẹ́ tí yóò jókòó láàárín yín lọ́jọ́ tí ẹ bá dé, fún ìdí èyí, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa fa ìlà náà. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọ tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2003, tí Ìpínlẹ̀ Èkó sì ṣe tirẹ̀ ní 2007, dáàbò bo àṣírí ọmọ àti iyì rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ sọ fún òbí àti iléèwé pé ẹ ń bọ̀. Iléèwé tàbí ilé òbí rẹ̀ ni kí ẹ ti pàdé, níwájú àgbàlagbà tí ọmọ náà mọ̀. Ẹ má ṣe mú un lọ sí hòtẹ́ẹ̀lì yín, ì báà jẹ́ ọjọ́ Kérésìmesì, ì báà jẹ́ pé odò ìlúwẹ̀ẹ́ ni ẹ fẹ́ fi hàn án. Bí òbí bá gbà pé kó bá yín jáde, kí òbí náà bá yín lọ. Ẹ̀yin òbí, ẹ fetí sí èyí dáadáa: owó iléèwé kò ra ẹ̀tọ́ àtimú ọmọ yín jáde lóun nìkan. Ẹ lè sọ pé rárá. Ẹni tó bá tìtorí bẹ́ẹ̀ bínú, kí ó máa bínú.

Ti fọ́tò ńkọ́? Ẹ ya á bí ọmọ àti òbí bá fẹ́, kí ẹ fi pamọ́ sọ́wọ́. Ẹ má gbé e síta pẹ̀lú yúnífọ́ọ̀mù tó ní orúkọ iléèwé láyà, pẹ̀lú orúkọ àdúgbò nísàlẹ̀, kí ẹ wá kọ ìtàn òṣì bàbá rẹ̀ sí i. Ọmọ náà yóò dàgbà. Yóò wọ yunifásítì ní Akọka bí Ọlọ́run bá fẹ́, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò sì rí i.

Obìnrin kan tí mo mọ̀, nọ́ọ̀sì ní London, lọ kí ọmọ tó ń rán níwèé ní agbègbè Ladi-Lak. Wọ́n ti tẹ́ àga kalẹ̀ síwájú ilé, wọ́n ti pe àwọn ayálégbé jọ, wọ́n sì fi ìwé kan lé ọmọ náà lọ́wọ́ pé kó kà á sókè. Ẹ kú oore, ẹ kú ìnáwó, ọmọ tí ì bá ti di ọmọọ̀ta lẹ gbà là, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́. Ọmọ ọdún mọ́kànlá! Nígbà tó dé ibi ọ̀rọ̀ ọmọọ̀ta yẹn, ohùn rẹ̀ há. Nọ́ọ̀sì náà dìde, ó rọra gba ìwé náà, ó ká a, ó ní òun yóò kà á tí òun bá délé. Lẹ́yìn náà ló kúnlẹ̀ kí ìyá ọmọ náà níwájú gbogbo ilé, torí ìyá náà jù ú lọ lọ́jọ́ orí. Ó ní, "Mà, ẹ ṣeun tí ẹ jẹ́ kí n bá yín tọ́ ọ." Ẹ̀yin ará, ìkúnlẹ̀ yẹn ni mo ka sí ẹ̀bùn tó tóbi jù nínú gbogbo ohun tó gbé wá láti London. Láti ọjọ́ náà, kò sí ayálégbé tó tún lè pe ìyá náà ní alágbe.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò ní, "Ṣé kí ọmọ má dúpẹ́ ni? Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, ó dà bí olè tó kóni lẹ́rù lọ." Òtítọ́ ni, n kò sì ní sọ ohun tí yóò ba àṣà wa jẹ́. Ọmọ yóò dọ̀bálẹ̀, yóò ní, "Ẹ ṣé, mà." Ó tó. Ọpẹ́ tó kù, iṣẹ́ àgbà ni. Òbí ló ń dúpẹ́ lórúkọ ọmọ, wọn yóò tún pè láàárọ̀ ọjọ́ kejì pé ẹ ṣé ti àná. Àwọn àgbà kan náà ló sì tún sọ pé ẹni tó ṣoore tó lóṣòó tì í, bí ẹni tí kò ṣe é ni.

Ijó tí wọ́n máa ń ní kí ọmọ jó fún àlejò náà wà níbẹ̀. Bàrígà jẹ́ ìlú eré. Crown Troupe of Africa ti Ṣẹ́gun Adéfilà ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láti 1996, Footprints of David sì ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ní ijó, ìlù àti tíátà. Bí ọmọ tó kọ́ṣẹ́ bá jó lórí ìtàgé níbẹ̀, ẹ pàtẹ́wọ́, ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì, òṣèré ni. Ìyẹn yàtọ̀ sí ọmọ tí wọ́n fà jáde nínú yàrá pé kó jó fún àǹtí tó ń sanwó rẹ̀. Tí ẹ bá rí i pé wọ́n ń gbé ìlù jáde nítorí yín, ẹ ní kí wọ́n má ṣèyọnu, ẹ jókòó, ẹ bèèrè omi.

Ẹ má sì jẹ́ kí ìdákẹ́jẹ́ ọmọ dùn yín. Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ lókè òkun, ẹ lè ti gbàgbé pé ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa kì í tẹjú mọ́ àgbà. Yóò wolẹ̀. Yóò ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà," lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Kì í ṣe pé inú rẹ̀ kò dùn. Ẹ má bèèrè ohun tó fẹ́ dà lọ́jọ́ iwájú, dókítà ni yóò sọ, torí wọ́n ti kọ́ ọ. Ẹ ní kó gbé ìwé ìṣirò rẹ̀ wá, kí ó fi ibi tó le hàn yín. Ẹ ní kó mú yín rìn ní àdúgbò, ìyá rẹ̀ tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ a bá yín lọ. Bó bá jẹ́ ọmọ ìhà Ìlàjẹ ni, yóò mú yín dé etí ọ̀sà, ẹ ó rí ọkọ̀ apẹja, ẹ ó rí Third Mainland Bridge níwájú, afárá tí ẹ gbà kọjá ní àárọ̀ tí ẹ kò mọ̀ pé ọmọ náà ń wò ó lójoojúmọ́. Bí ọmọ bá ti ń júwe ilé rẹ̀ fún àlejò, ẹnu rẹ̀ yóò là fúnra rẹ̀. Òun ni onílé níbẹ̀, ẹ̀yin lẹ kò mọ̀nà.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀bùn náà rèé. Ọ̀pọ̀ ìdílé tí ẹ fẹ́ lọ kí ń gbé nínú ilé tí yàrá kọjú sí yàrá, tí gbogbo ayálégbé jọ ń lo balùwẹ̀ kan. Àpótí ńlá tí ẹ bá gbé wọlé, gbogbo ọmọ ilé ló rí i. Tí ẹ bá lọ tán, ìyá náà ló máa fara da ìlara rẹ̀. Ẹ mú nǹkan kékeré fún ọmọ náà. Èyí tó bá pọ̀, ẹ fi ra ìwé fún kíláàsì rẹ̀ lápapọ̀. Ẹ kò ní láti gbé ìwé láti London rárá, torí Ṣómólú ni ibùdó àwọn atẹ̀wé nílẹ̀ yìí, láti ìwé àjákọ dé kàlẹ́ńdà, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ tọ̀sán tòru. Ó lè jẹ́ pé bàbá ọmọ náà gan-an ló ń gé bébà níbẹ̀. Ẹ̀yin òbí, ẹ má yá owó torí àlejò. Omi tútù àti ẹ̀wà ilé tó.

Mo fẹ́ padà sọ́dọ̀ Sarah díẹ̀. Ó bí ọmọbìnrin ní 1863, ó sọ ọ́ ní Victoria, Ọbabìnrin sì gbà láti jẹ́ ìyá ìsàmì rẹ̀. Ní 1867, ó mú ọmọ náà lọ kí i. Ikọ́ ẹ̀gbẹ wá mú Sarah, ó kú ní Funchal ní erékùṣù Madeira ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹjọ 1880. Ọjọ́ tí Victoria ọmọ rẹ̀ fẹ́ dé ọ̀dọ̀ Ọbabìnrin ní Osborne, àárọ̀ ọjọ́ náà ni wọ́n túfọ̀ ìyá rẹ̀ fún un. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, pẹ̀lú omijé lójú, ló wọlé tọ ẹni tó rán ìyá rẹ̀ níwèé. Ọbabìnrin gbà á, kò sì jáwọ́ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ títí ó fi dàgbà tó lọ́kọ. Nínú gbogbo ohun tí mo kà nípa ààfin àti ìdílé yìí, ibẹ̀ ni mo ti yin obìnrin náà jù. Ó dúró lẹ́yìn ọmọ nígbà tí ayẹyẹ ti tán.

Nítorí ohun tó ń dun àwọn olùkọ́ Bàrígà jù nìyí: olùrànlọ́wọ́ yóò wá, yóò ya fọ́tò, yóò sunkún, yóò padà, kò sì ní ju táàmù méjì lọ tí owó kò ní dé mọ́. Ọmọ náà á máa rò pé òun ló ṣe ohun tí kò dára lọ́jọ́ tí àlejò wá. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ èèyàn lókè òkun, àìsàn lè dé. Tí ó bá ṣẹlẹ̀, ẹ pe òbí, ẹ pe iléèwé, ẹ sọ ọ́ fúnra yín, kí wọ́n lè sọ fún ọmọ pé kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Ẹ gbìyànjú kí ó má bọ́ sí ọdún tó fẹ́ ṣe WAEC. Kí ẹ tó wọ bàálù padà nínú oṣù Kìíní, ẹ dé ọ́fíìsì iléèwé, ẹ san ti táàmù kejì, ẹ gba rìsíìtì, kí ẹ fún ìyá rẹ̀ ní ẹ̀dà kan.